Ìrírí Mi: Bí Mo Ṣe Lu Dùndún Sínú Àwo Orin Àwọn Ọ̀dọ́ Ìgbàlódé

Ọmọ Àyàn ni mí. Ẹrìn-Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé tí ìlù ti máa ń jí ọmọdé ṣáájú àkùkọ, mo sì ti ń gbé ìyáàlù kọ́ èjìká láti ìgbà tí ṣaworo rẹ̀ ṣì ń wọ́ nílẹ̀ nítorí pé mi ò tíì ga tó. Mo ti lùlù níbi ìgbéyàwó, níbi òkú àgbà, níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ọdún egúngún àti láàfin, mo sì ti tẹ̀ lé àwọn olórin jùjú dé Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 2019, mi ò tíì lùlù sínú àwo orin àwọn ọ̀dọ́ ìgbàlódé rí. Àwọn ọmọ Àyàn tó kéré sí mi máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí pé wọ́n ti ń pe àwọn náà sí irú rẹ̀ báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe tèmi nínú rẹ̀.

Lóṣù Keje ọdún náà ni ẹgbẹ́ olórin kan ránṣẹ́ sí mi láti Èkó. Ọ̀dọ́ márùn-ún ni wọ́n: ọmọbìnrin kan ló ń kọrin, ẹnì kan ń ta gìtá, ẹnì kan ń ta béèsì, ẹnì kan ń tẹ dùùrù, ẹnì kan sì ń lu ìlù òyìnbó. Orin mọ́kànlá ni wọ́n fẹ́ kó sínú àwo náà, wọ́n sì fẹ́ kí ìlù tèmi wà nínú méje. Nígbà tí a kọ́kọ́ jókòó, ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní pùródúsà, sọ fún mi pé kí n má ṣe dààmú ara mi, pé ohun tí àwọn ń fẹ́ ni kí ìlù Yorùbá máa dún díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ orin kó lè ní adùn ìbílẹ̀. Mo bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ kí ìlù náà sọ?" Ó wo ojú mi, ó wo ojú akọrin, akọrin náà wo ilẹ̀. Wọn ò ronú nípa ìyẹn rí. Wọ́n ń wá ìlù bí ẹni ń wá iyọ̀ sínú ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu ni ìlù wa, kì í ṣe iyọ̀.

Mi ò bínú sí wọn o. Kò sí ohun àjèjì nínú kí ìlù wa bá gìtá pàdé. Nǹkan bí ọdún 1948 ni gángan ti wọ inú jùjú, nígbà tí àwọn baba wa ṣì ń ta bánjò; nígbà tí Sunny Adé sì bá iléeṣẹ́ àwo orin Island ṣe àwo orin jáde lọ́dún 1982, Lomé ní orílẹ̀-èdè Togo ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, gángan sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ gìtá, àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ èdè wa sì jó o. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lù ú nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹni tó ń kọrin náà sì mọ̀ ọ́n. Níbi tí mo wà yìí, èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè ìlù nínú ilé. Ìyẹn ló fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Mo padà sílé lọ múra. Ìlù mẹ́rin nínú ẹbí dùndún ni mo kó: ìyáàlù, kẹríkẹrì, gángan àti gúdúgúdú. Mo tún awọ kẹríkẹrì ṣe nítorí pé ó ti fẹ́ ya létí, mo fún ọ̀sán ìyáàlù, ìyẹn okùn awọ tó so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, le, mo sì fi òwú pupa kékeré so àwọn ọ̀sán kan mọ́ra níbi tí mo fẹ́ kí ìka mi máa dúró. Bàbá mi jókòó tì mí nígbà tí mo ń ṣe é. Wọ́n bi mí pé àwọn mélòó la jọ ń lọ, mo ní èmi nìkan ni. Wọ́n ní, "Ta ni yóò wá lu gúdúgúdú?" Mo ní èmi náà ni. "Ìyáàlù ńkọ́?" Mo ní èmi náà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, nítorí pé ẹni márùn-ún ló máa ń wà nídìí irú ìlù bẹ́ẹ̀ lóde, tí ìyáàlù á máa pe, tí àwọn omele á máa dáhùn, tí gúdúgúdú á máa sáré láàárín wọn bí ọmọdé tó ń bá àgbà rìn. Wọ́n wá ní kí n má gbàgbé láti júbà, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo júbà. Kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí gbogbo wọn jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì fi ìlù kí Àyàn Àgalú, mo kí bàbá mi, mo kí àwọn tó lu ìlù yẹn kí ó tó kàn mí. Pùródúsà bẹ̀ mí lẹ́yìn náà pé kí n tún un ṣe kí àwọn lè gbà á sílẹ̀. Mo kọ̀.

Yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ kò tóbi ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Fóòmù dúdú ni wọ́n fi bo ara ògiri, kápẹ́ẹ̀tì nípọn nílẹ̀, nígbà tí mo sì lu ìlù lẹ́ẹ̀kan, ohùn náà kú síwájú mi bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ sínú tìmùtìmù. Èyí ṣòro fún mi ju bí mo ṣe rò lọ. Lóde, ohùn ìlù máa ń lọ kan ògiri, á padà wá bá ọ, ìwọ náà á sì mọ bí o ṣe lágbára tó. Níbẹ̀, kò sí ohun tó padà wá, mo sì ń lù ú kíkan-kíkan láìmọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a máa padà sórí rẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ ìlù wa. Ó gbé gbohùngbohùn kan síwájú awọ tí mo ń lù, ó tún gbé òmíràn sí awọ ẹ̀yìn tí kọ̀ǹgọ́ kì í kàn, nítorí pé ó ní ohùn tó ki máa ń ti ibẹ̀ jáde. Nígbà tí ó wá da àwọn méjèèjì pọ̀, ìyáàlù mi ń dún bí agolo òfìfo. Mo rò pé awọ mi ló bàjẹ́. Ó ronú díẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì kan tó ń yí ohùn awọ ẹ̀yìn sódì, ara ìlù sì padà. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó sì yé mi kíákíá: bí kọ̀ǹgọ́ bá ti awọ iwájú wọlé, afẹ́fẹ́ inú igi ìlù á ti awọ ẹ̀yìn jáde, nítorí náà ohun tí gbohùngbohùn kan gbọ́ bíi fífà sẹ́yìn ni èkejì gbọ́ bíi títì síwájú, wọ́n sì ń fagi lé ara wọn. Láti ọdún tí mo ti ń lùlù, mi ò mọ èyí rí.

Ṣaworo ni wàhálà kejì. Lóde, ohùn ṣaworo ni ẹwà ìyáàlù, ó máa ń jẹ́ kí obìnrin tó wà lẹ́yìn àgọ́ mọ̀ pé onílù ti ń bọ̀. Nínú gbohùngbohùn tó jìnnà sí awọ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ṣaworo ń dún bí ẹni tó ń da kọ́bọ̀ sínú abọ́ irin. A gbìyànjú láti fi aṣọ wé e, ó dún bí ìlù tó ní ọ̀fìnkìn. Lópin rẹ̀, a tú u kúrò lára ìyáàlù, mo sì wá lu ṣaworo nìkan lẹ́yìn náà nípa mímì í níwájú gbohùngbohùn kẹta tí a gbé jìnnà. Ojú tì mí nígbà tí mo ń ṣe é. Àgbàlagbà ọkùnrin dúró sínú yàrá dúdú, ó ń mi ṣaworo bí ìyá ìkókó!

Ẹ̀rọ amúlétutù ló jẹ́ kí n pàdánù odindi ọjọ́ kẹta. Òjò ń rọ̀ ní Èkó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ẹni tó bá sì mọ awọ ewúrẹ́ mọ̀ pé bí ojú ọjọ́ bá tutù tó rin, awọ á dẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. A máa ń yá a sóòrùn tàbí lẹ́bàá iná kí ohùn rẹ̀ lè padà. Nínú yàrá yẹn, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fa gbogbo omi tó wà nínú afẹ́fẹ́, awọ ń gbẹ, ó ń le, ohùn sì ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ mi yí padà. Láàárọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù mi bá dò dùùrù mu rẹ́gí. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun kọ́kọ́rọ́ dúdú tó tẹ̀ lé e. Iná ìjọba wá lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé iná wá, yàrá ti gbóná, ó ti rin, awọ sì tún lọ sílẹ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Nígbà tí a fẹ́ so ohun tí mo lù láàárọ̀ pọ̀ mọ́ ti ìrọ̀lẹ́, ó dún bí ènìyàn méjì tó ń bá ara wọn jà nínú gbólóhùn kan.

Ohun tí a wá ń ṣe láti ọjọ́ kẹrin ni pé mò ń fi ìlù sílẹ̀ sínú yàrá náà mọ́jú, a ń tan ẹ̀rọ amúlétutù fún wákàtí kan kí n tó dé, a sì ń pa á nígbà tí mo bá ń lù, nítorí pé gbohùngbohùn ń gbọ́ ìró rẹ̀. Orin kan la ń parí pátápátá kí a tó bọ́ sórí òmíràn. Bí ooru bá mú wa, a ó dúró, a ó tún tàn án. Òógùn mi ń kán sórí ọ̀sán títí awọ ara rẹ̀ fi yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ata àti iyọ̀ nìkan ló kù kí wọ́n fi sí mi lára.

Mo ní láti sọ ti kílíìkì náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí mi méjèèjì, ohun kan sì ń kán nínú rẹ̀, kó-kó-kó-kó, mẹ́rin-mẹ́rin, 108 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò yára, kò falẹ̀, kò mí. Wọ́n ní kí n máa lùlù lé e lórí. Mo lù ú, wọ́n ní mò ń sáré. Mo tún un lù, wọ́n ní mo ti ń falẹ̀. Ẹni tó ń lu ìlù òyìnbó, ọmọkùnrin tó níwà, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ kàn máa ka mẹ́rin sínú." Àmọ́ ìlù wa kì í rìn ní mẹ́rin-mẹ́rin géérégé bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń pín sí nínú mẹ́rin yẹn, agogo ló sì máa ń mú u dúró, kónkóló tí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ti jó rí mọ̀ nínú ara rẹ̀ bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Mo mú agogo tí mo kó wá, mo lu kónkóló fún wọn fún ìṣẹ́jú kan, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ sì gbà á sílẹ̀, ó gé e, ó tò ó sórí 108 yẹn, ó sì fi rọ́pò kílíìkì létí mi. Láti ìgbà náà ni wàhálà sísáré àti fífalẹ̀ ti tán. Bí ẹ bá máa rántí ohun kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ mi kí ẹ tó wọ sítúdíò, ẹ mú agogo dání.

Ohun mìíràn tún wà tí mo rò pé ọjọ́ orí ló fà á. Ohùn ìlù mi ń dé etí mi lẹ́yìn tí ọwọ́ mi ti kúrò lójú awọ. Ó kéré, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílù mọ̀ ọ́n, bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń mọ àtẹ̀gùn tí kò dọ́gba. Mo sọ ọ́, pùródúsà ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ló wò ó, ó sì rí i. Kọ̀ǹpútà náà kì í dá ohùn padà bó ṣe ń wọlé. Ó máa ń kó o jọ ní ìdì-ìdì. Ìdì kan tí wọ́n ṣètò rẹ̀ sí jẹ́ 1024 nínú ìgbà 48,000 tó ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó lé ní ìdá 20 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan kí a tó ka ti àbọ̀ rẹ̀. Ó dín ìdì náà kù sí 128, ìdádúró náà sì wálẹ̀ sí nǹkan tí kò pé ìdá 3 nínú 1,000 yẹn. Ọwọ́ mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pùródúsà kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹfà ni mo pe akọrin jókòó, mo sì fi dò re mí ṣàlàyé ìlù fún un, nítorí pé ó ti kọ́ ọ níléèwé àmọ́ kò mọ̀ pé òun náà ló ń sọ lójoojúmọ́. Ìsàlẹ̀ ni dò, àárín ni re, òkè ni mí. Mo ní kó pe orúkọ ara rẹ̀, mo sì fi ìyáàlù pè é padà; ó fò sókè. Mo wá kìlọ̀ fún un pé ohùn nìkan ni ìlù máa ń gbé, kì í gbé ọ̀rọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ méjì tó bá ní ohùn kan náà, ọ̀kan náà ni wọ́n lórí ìlù, ẹni tó ń gbọ́ ló máa yan èyí tó bá wà lọ́kàn rẹ̀. Mo sọ ìtàn ìlù tí rédíò fi ń ṣí ètò ní Ìbàdàn láyé ọjọ́un fún un: orúkọ iléeṣẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni onílù ń fi ìlù pè, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará ìlú gbọ́ ni "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?" Ó rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí la máa wá sọ tí wọn ò ní ṣì gbọ́?" Mo ní kò sí irú rẹ̀.

Orin kẹta nínú àwo náà ni gbogbo wọn fẹ́ràn jù, orin alẹ́ ni, orin àwọn tó jáde lọ jó tí ilẹ̀ ń ṣú tó ń mọ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi àti akọrin la jọ wá ọ̀rọ̀ tí ìlù yóò máa sọ láàárín ẹsẹ orin kan sí èkejì: "Ẹ má sùn, a ò tíì jó." Re mí dò, re dò mí-dò mí. Ó kúrú, ó ṣeé jó, ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tó dùn mọ́ ọwọ́ mi, ìyẹn "tíì" tó wà láàárín: ẹ̀ẹ̀kan ni kọ̀ǹgọ́ ń kan awọ, ọ̀sán ni mo ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ohùn fi ń yọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí ẹní. "Sùn" náà rí bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í já lulẹ̀ gbì, ó máa ń rọra wálẹ̀ láti orí "má". Níbi tí òwú pupa mi wà ni àtàǹpàkò mi máa ń dúró fún òkè, bí mo bá sì tú u tán, mo ti dé dò.

Gúdúgúdú ni mo kọ́kọ́ lù, lẹ́yìn náà ni kẹríkẹrì, ìyáàlù ló gbẹ̀yìn. Pùródúsà fẹ́ kó jẹ́ ìyáàlù ló ṣáájú nítorí pé òun ni olórí, ó sì jàre ní ti òde, àmọ́ níbi tí ẹnì kan ti ń dá gbogbo rẹ̀ lù, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní láti ní ẹni tó ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí gúdúgúdú ti wà létí mi kí n tó lanu. Ìgbà kẹrìnlá tí mo lu "Ẹ má sùn" ni mo mọ̀ pé ó ti bọ́ sí i. Inú mi dùn débi pé mo ń lu "má" yẹn bí ẹni ń na olè. Mo rí i tí iná pupa kékeré kan ń tàn lórí ẹ̀rọ nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá kàn án, mi ò sì béèrè ohun tó ń sọ. Àṣìṣe tèmi nìyẹn.

Mo gba ìdajì owó mi, wọ́n ní ìdajì tó kù yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́ tí àwo bá ti parí, mo sì wọkọ̀ padà sílé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orin kẹta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n gbọ́ ọ. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, èmi, bàbá mi àti ìyàwó mi sì jókòó yí i ká. Orin náà dùn. Béèsì ń rìn, dùùrù ń tàn, gúdúgúdú mi ń sáré lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ibi tí ìyáàlù ti fẹ́ sọ̀rọ̀ dé. Bàbá mi na etí sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n dá a padà, wọ́n tún gbọ́ ọ. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni?"

Ẹ sùn. Ẹ sùn. Ohun tí ìlù mi ń sọ nìyẹn, nígbà mẹ́rin léra, fún àwọn tó jáde lọ jó.

Mo pe Èkó lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ: iná pupa yẹn ni àmì pé ohùn ti pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbà, gbogbo ibi tí mo ti lu "má" sì ti fọ́, nítorí pé ohùn òkè ni, awọ le níbẹ̀, mo sì ń lù ú kíkan nínú yàrá tí kò dá ohùn padà. Wọn ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu kí n tún wá. Wọ́n kàn gé ohùn tó fọ́ náà dànù, wọ́n fa "ẹ" àti "sùn" súnmọ́ ara wọn, wọ́n sì lẹ ìyókù pọ̀ kó lè dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún fi ohun èlò tí wọ́n fi ń tọ́ ohùn akọrin sí ojú ọ̀nà tọ́ ìyáàlù mi, irú èyí tó ti wà lọ́jà láti 1997 lábẹ́ orúkọ Auto-Tune. Ó rí ohùn tó ń yọ̀ wálẹ̀ nínú "tíì", ó rò pé onílù náà ń ṣìnà ni, ó sì nà án tọ́ bí ẹni lọ aṣọ. Lójú tiwọn, wọn ò ba nǹkan kan jẹ́. Kíkàn kan ṣoṣo ni wọ́n yọ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀. Pùródúsà tilẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa mọ̀?" Mo ní bàbá mi ti mọ̀.

Akọrin ló gbè mí lẹ́yìn. Ó ní òun rántí pé òkè ló wà láàárín, pé re mí dò ni, kì í ṣe re dò, òun ò sì ní kọrin lórí ìlù tó ń ní kí àwọn ènìyàn lọ sùn. Mo padà sí Èkó. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó lu ohunkóhun, mo ní kí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ jẹ́ kí n lu ohùn òkè tó le jù lọ tí mo ní fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kó fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n, kó sì fi àyè sílẹ̀ lókè rẹ̀. Mo ní kó fi ohùn ìlù ara mi kún ohun tí mò ń gbọ́ létí kí n má báa máa ja ìjàkadì mọ́. Iná pupa kò tàn lẹ́ẹ̀kan. Ní ti ohun èlò tó ń tọ́ ohùn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ìlù mi, bí ohùn bá sì ṣìnà lóòótọ́, kí wọ́n pè mí kí n wá tún un lù. Wákàtí mẹ́ta la fi parí rẹ̀.

Àwo náà jáde lóṣù Kọkànlá. Orúkọ àwọn márààrún wà lára rẹ̀, ti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ti ẹni tó ya fọ́tò wà níbẹ̀. Níbi tó yẹ kí tèmi wà, "ìlù ìbílẹ̀" ni wọ́n kọ, láìsí orúkọ ẹni tó lù ú. Mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n sì tún un ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí orúkọ yín àti bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ wà nínú ìwé àdéhùn kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n máa san owó tó kù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. "Tí àwo bá ti parí" kì í ṣe ọjọ́.

Oṣù Kọkànlá parí, mi ò rí ìdajì owó mi tó kù. Oṣù Kejìlá wọlé, ẹni tó ń bójú tó owó ẹgbẹ́ náà ní kí n ṣe sùúrù. Mo ń wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ kan, awakọ̀ tan rédíò, orin kẹta sì bọ́ sórí afẹ́fẹ́. Ìyáàlù mi lanu, ó sọ̀rọ̀ ketekete: re mí dò, re dò mí-dò mí. Àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú mi mi orí, ó ní, "Onílù yìí gbọ́n o. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ: Owó dà? A ò tíì rí!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ka ohùn náà lórí ìka mi, ó bá a mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí mo dé Òṣogbo, mo fi ohùn ara mi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó owó náà lórí WhatsApp. Mo ṣàlàyé fún un bí ìlù ṣe ń gbé ohùn láìgbé ọ̀rọ̀, mo sọ ti rédíò Ìbàdàn, mo sì sọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú orin wọn báyìí ní ọ̀nà Òṣogbo. Owó náà wọlé lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó kan àtàrí.